Yàrá Ìrántí Ìgbà Èwe: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ Tí Kò Fi Ní Dà Bí Ìsọ̀ Àlòkù

Ẹni tó bá ti wo àfihàn iṣẹ́ ọnà bíi méjì mẹ́ta á ti bá yàrá ìrántí ìgbà èwe pàdé. Wọ́n á kó rédíò àtijọ́, àtùpà, agolo Bournvita, síléètì àti bàtà onírọ́bà jọ sí igun kan, wọ́n á wá kọ "Ìgbà Èwe" gàdàgbà sára ògiri. Àlejò á dé, á rẹ́rìn-ín, á ya fọ́tò, á kọjá. Kò sẹ́ni tó jókòó. Kò sẹ́ni tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù láti bi í ní ìbéèrè kan. Nǹkan àtijọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ìrántí ni kò sí.

Ohun tó ń fà á ni pé àgbàlagbà ló ń to yàrá náà, ojú àgbàlagbà ló sì fi ń tò ó. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í sábà rí iwájú rédíò bàbá rẹ̀. Abẹ́ tábìlì tí rédíò náà wà lórí rẹ̀ ló mọ̀ dáadáa, àti ohùn ẹni tó ní kó má fọwọ́ kàn án. Orí èyí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

Pálọ̀ ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àwọn tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ wà láyé, a sì lè bi wọ́n léèrè. Bí tiyín bá jẹ́ kíláàsì ilé ìwé, ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà, tàbí fúláàtì kan ní Peckham, àdúgbò kan ní London, ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Àyè tó tó mítà 3 sí mítà 4, tó ní ògiri mẹ́ta ó kéré tán, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ arọ láti wọlé.
- Pìláíwùdù fún ògiri, bí ilé àfihàn kò bá jẹ́ kí ẹ kun tiwọn.
- Ọ̀dà olómi (funfun tó ti pọ́n díẹ̀) àti ọ̀dà olóròóró (àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀).
- Téèpù ìwọ̀n, àti káfíńtà kan tó ní sùúrù.
- Gílóòbù LED olómi ọsàn, àtùpà àtijọ́ kan tí kò sí epo nínú rẹ̀.
- Sípíkà kékeré méjì àti fóònù àlòkù tí ìró á ti máa jáde.
- Owú, pẹ̀lú ìgò kéékèèké tó ní ìdérí.
- Àgbàlagbà mẹ́ta sí márùn-ún tí wọ́n á fún yín láyè láti bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ẹ ò rí i pé mi ò tíì dárúkọ rédíò tàbí agolo. Yàtọ̀ sí àtùpà yẹn, ẹ má tíì ra ohun àtijọ́ kankan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ sọ́jà, ohun tó bá rí lọ́jà ló máa pàṣẹ fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú wákàtí kan ṣoṣo

"Ìgbà èwe" gùn jù fún yàrá kan. Ẹ mú ilé kan, ọjọ́ kan, wákàtí kan. Èyí tí mo máa lò nìyí: aago méje alẹ́ ọjọ́ Sunday, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ, ìyá wà ní ìdáná, bàbá kò tíì dé, ẹnì kan ń wá ìṣáná kiri nínú òkùnkùn.

Gbólóhùn kan yìí ti bá yín ṣe ìpinnu tó pọ̀. Iná inú yàrá á kéré, á sì pọ́n. Ìró á máa wá láti ìta àti láti ìdáná. Òórùn kẹrosíìnì á wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n á wà, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ da owó síta lórí èyí tó ń ṣiṣẹ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n á kó Kérésìmesì, Iléyá, àlọ́ abẹ́ òṣùpá, ilé ìwé àti odò pọ̀ sínú yàrá kan, kí inú gbogbo èèyàn lè dùn. Ara kò lè wà níbi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí nǹkan kan kò bá sí nínú wákàtí tí ẹ mú, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dùn ún wò tó.

*Ìdánwò:* ẹ dáhùn ìbéèrè márùn-ún yìí láìronú púpọ̀. Kí ló ń dún? Iná wo ló ń tàn? Kí ló ń rùn tàbí tó ń ta sánsán? Ta ni kò sí nílé? Kí ni ọmọ náà ń dúró dè? Bí ẹ bá há lórí èyí tó kẹ́yìn, ẹ yan wákàtí mìíràn, torí dídúró de nǹkan ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ọmọdé.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bi àwọn àgbà léèrè, àmọ́ ẹ má bi wọ́n ní "ìgbà èwe yín"

Bí ẹ bá sọ fún màmá kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ fún wa nípa ìgbà èwe yín," ìtàn tí wọ́n ti sọ fún gbogbo ọmọ-ọmọ ni wọ́n máa sọ fún yín. Ìtàn náà ti dán jù. Ohun tí ẹ ń wá ni èyí tí wọn kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọn kò mọ̀ pé ó tó sọ. Ẹ bi wọ́n ní irú ìbéèrè báyìí:

- Mà, níbo ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sí bí gbogbo yín bá jáde?
- Kí ni wọn kì í jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn ní pálọ̀?
- Bí ẹ bá yọ ẹran nínú ìkòkò, níbo lẹ ti ń jẹ ẹ́?
- Bí wọ́n bá nà yín tán, ibo lẹ máa ń lọ jókòó sí?
- Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé bàbá ti ń bọ̀ kí wọ́n tó wọlé?
- Ta ló ń sùn sí pálọ̀? Níbo ni wọ́n ń ká ẹní ẹni náà sí láàárọ̀?

Ìbéèrè nípa bíbọ̀ bàbá kì í jáni kulẹ̀. Ẹnì kan á ní ìró ọkọ̀ ni, ẹlòmíì á ní ikọ́, ẹlòmíì á ní bí irin géètì ṣe ń ha ilẹ̀, tí gbogbo ọmọ á sì gbé ìwé lójijì. Wọ́n ti fún yín ní ìró tẹ́ ẹ máa lò ní ìgbésẹ̀ 6 nìyẹn, ẹ ò sì san kọ́bọ̀.

Ìbéèrè ẹní ni ọ̀pọ̀ olùṣètò máa ń fò. Inú ọ̀pọ̀ ilé ni ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà, tí òun náà jẹ́ ọmọdé, tí kì í sì í jókòó sórí àga. Bí yàrá yín bá jẹ́ ti adùn nìkan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á wọ ibẹ̀, á sì mọ̀ pé wọn kò rántí òun. Peju Alatise, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Venice ní Ítálì ní 2017, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní àyè tirẹ̀ níbi àfihàn ńlá ìlú náà: ó gbé àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ tó ní ìyẹ́ dúró, iṣẹ́ tó dá lórí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ l'Ékòó, tó ń lá àlá pé òun ń fò. Kò di dandan kí ẹ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹní kan tí wọ́n ká gbé sẹ́yìn ìlẹ̀kùn ti tó, ẹni tó bá mọ ohun tó jẹ́ á mọ̀ ọ́n.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n á kọ́kọ́ gbé fọ́tò àtijọ́ síwájú àgbà. Fọ́tò náà ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe, ilé á sì sá lọ. Kí fọ́tò dúró dẹ̀yìn. Ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ jáde, kó má jáde.

*Ìdánwò:* ẹ ka àkọsílẹ̀ yín. Bí ó bá kún fún orúkọ nǹkan (rédíò, àga, àtùpà), ẹ padà lọ. Bí ó bá kún fún ohun tí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti etí ṣe (wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí, wọ́n fara ti ògiri kọjá, wọ́n gbọ́ ìró síbí nínú agolo), ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ sọ àlejò di kékeré

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 115. Àgbàlagbà tó ga ní 170 fi ìlọ́po kan ààbọ̀ jù ú lọ. Èyí túmọ̀ sí pé tábìlì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 75 nílé yín nígbà náà, lójú ara ọmọ yẹn, ga bí ẹni pé 110 ni. Àga tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 45 di bíi 67. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn tó wà ní 100 di 150.

Robert Therrien, ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ní 1994: tábìlì ilé ìjẹun lásán pẹ̀lú àwọn àga rẹ̀, tó ga tó nǹkan bíi mítà 3, tí èèyàn ń rìn kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó wà ní The Broad, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní Los Angeles. Àwa ò nílò kó tó bẹ́ẹ̀. Mítà 3 ń mú kí ẹnu yà èèyàn, ìlọ́po kan ààbọ̀ ni ara ń gbà gbọ́ láìmọ̀.

Ẹ mú kí ohun kan ṣoṣo tóbi, kí ó jẹ́ tábìlì. Kí gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà, àmọ́ kí ohun tó ṣe pàtàkì wà nísàlẹ̀ mítà kan. Ẹ fi àpótí ìjókòó kúkúrú mélòó kan síbẹ̀, èyí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 tàbí 25, pẹ̀lú àga gidi kan fún àwọn tí orúnkún ń dùn.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* káfíńtà á mú kí ẹsẹ̀ tábìlì gùn, á fi í sílẹ̀ ní tín-ín-rín. Ojú á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 tẹ́lẹ̀, kí ó di 7 àti ààbọ̀. Kí pákó òkè náà nípọn sí i. Kí etí aṣọ tábìlì gùn sí i. Àṣìṣe kejì ni pé wọ́n á fi ọ̀dà dídán kun abẹ́ rẹ̀. Abẹ́ tábìlì kì í ní ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n síbẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí ẹnu ìṣó kan tí wọ́n tẹ̀ wà níbẹ̀, kí ṣingọ́ọ̀mù kan tó ti gbẹ wà ní igun. Ọmọ tó ń sá fún iṣẹ́ mọ gbogbo èyí lórí.

*Ìdánwò:* ẹ kúnlẹ̀ ní àárín yàrá. Ojú yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní gíga ojú ọmọdé báyìí. Ẹ yí ojú káàkiri. Bí ohun tó wà níwájú yín bá jẹ́ ògiri lásán àti ẹsẹ̀ àga, nígbà tí gbogbo ohun tó dára wà lókè, ẹ tún un tò.

Ìgbésẹ̀ 4: Ògiri, àti ìdọ̀tí tó ní àdírẹ́ẹ̀sì

Ẹ fi ọ̀dà olóròóró kun ìsàlẹ̀ ògiri dé mítà kan, kí òkè jẹ́ ọ̀dà olómi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé àti kíláàsì, torí pé ó ṣeé fi omi nù.

Lẹ́yìn náà ni ẹ máa sọ ọ́ di àtijọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á pò ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ mọ́ omi, wọ́n á fi kànrìnkàn pa gbogbo ògiri. Iṣẹ́ tíátà nìyẹn. Nínú ilé tí èèyàn ń gbé, ìdọ̀tí mọ ibi tó ń gbé: àyíká ibi tí wọ́n ti ń tan iná, níbi tí ìka ti ń ṣì í tẹ̀ nínú òkùnkùn, etí ìlẹ̀kùn ní gíga sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ń gbá mú bó bá ń sáré yí kọ́nà, ẹ̀yìn àga bàbá, níbi tí òróró irun ti fi àbàwọ́n roboto sára ògiri. Ẹ ṣe mẹ́ta yìí dáadáa, kí ìyókù mọ́. Ìyá ilé ń gbá ilé rẹ̀.

Fọ́tò mọ̀lẹ́bí máa ń wà lókè fíofío, tí orí wọn tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wo àwọn tó wà nílẹ̀. Ẹ so okùn wọn gùn kí wọ́n lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ tàbí ti ìjọ kan sí i. Ẹ̀dà fọ́tò ni kẹ́ ẹ lò, ẹ dá ojúlówó padà fún ẹni tó ni ín, nítorí iná ń pa àwọ̀ fọ́tò. Ẹ sì gba àṣẹ mọ̀lẹ́bí ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Aṣọ kúróṣè orí àga ńkọ́? Ẹ fi sítáàṣì sí i kó le gbagidi. Ẹni tó bá wà ní London kó lọ wo Museum of the Home ní Hoxton, wọn kì í gba owó ìwọlé. Michael McMillan to pálọ̀ ìdílé ará Caribbean ti ọdún 1976 síbẹ̀. Ẹ wo bó ṣe to orí tábìlì: kò sí ohun kan níbẹ̀ tí ìyá ilé kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀.

Bí ẹ ò bá ní owó pìláíwùdù, tàbí tí ẹ máa gbé iṣẹ́ náà láti ìlú dé ìlú, ẹ rán ilé náà. Do Ho Suh, ọmọ Kòríà, fi ṣẹ́dà rán ilé tó ti dàgbà ní Seoul ní 1999, ògiri, fèrèsé àti gbogbo ẹ, tó ń rọ̀ láti òkè, tó sì ṣeé ká sínú àpótí ìrìnnà. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn funfun rọrùn lọ́wọ́, ó sì fúyẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá gba ọ̀nà yìí, ẹ gbàgbé ìdọ̀tí. Ilé aṣọ gbọ́dọ̀ mọ́.

*Ìdánwò:* ẹ pe ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ náà, kó wo ògiri nìkan, kó sọ ibi tí àwọn ọmọ máa ń dúró sí àti ibi tí bàbá máa ń jókòó sí. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ó parí.

Ìgbésẹ̀ 5: Iná

Lórí páálí gílóòbù, ẹ máa rí nọ́ńbà tí K tẹ̀ lé, tó ń sọ àwọ̀ iná náà: bó bá ṣe kéré tó ni iná náà ń pọ́n tó. 6500K ni funfun báláú ti ṣọ́ọ̀bù. 2700K sún mọ́ gílóòbù oníwáyà àtijọ́. Iná àtùpà wà ní nǹkan bíi 1900K. Nítorí pé wọ́n ti mú iná lọ nínú wákàtí wa, ẹ wá LED tó kéré jù lọ ní nọ́ńbà, tó ń lo bátìrì, kẹ́ ẹ gbé e sínú àtùpà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn fẹ́lẹ́ pa inú gíláàsì rẹ̀.

Gíláàsì àtùpà yẹn tó ohun tí èèyàn ń fara balẹ̀ ṣe. Ọmọdé ni wọ́n sábà ń fún fọ̀, nítorí ọwọ́ ọmọdé ló lè wọ inú rẹ̀. Èéfín kì í sì í dúdú yípo. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń pọ̀ sí, ní ìhà ibi tí wọn kò ti gé òwú rẹ̀ dọ́gba. Ẹ fi dúdú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ipa ìka kékeré hàn nínú rẹ̀.

Ẹ gbé àtùpà náà sórí àpótí kúkúrú, bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀. Àlejò tó bá dúró nítòsí rẹ̀ á rí òjìji ara rẹ̀ tó gun ògiri títí dé àjà. Ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó fi ọwọ́ ṣe ajá tàbí ẹyẹ sára ògiri. Wọ́n á ṣe é fúnra wọn.

*Ìkìlọ̀:* ẹ má lo iná gidi, bó ti wù kó rẹwà. Ẹ má lo LED tó ń ṣẹ́jú wéréwéré náà. Ó ń da àwọn kan láàmú, iná àtùpà gidi kì í sì í ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí afẹ́fẹ́.

*Ìdánwò:* ẹ wọlé láti inú oòrùn. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ gbọ́dọ̀ lè rí ọ̀nà àbájáde àti gbogbo ohun tó lè gbé èèyàn ṣubú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi iná kékeré kan pamọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìró

Kí ìró má wá láti àárín yàrá. Sípíkà kan wà lẹ́yìn fèrèsé, èkejì lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tó lọ sí ìdáná. Láti ìta: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lókèèrè, ajá, géètì. Láti ìdáná: ọmọ odó, ìdérí ìkòkò, ohùn obìnrin tó ń pe orúkọ ọmọ kan. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ láti ẹnu ẹni tó máa ń pe ọmọ lóòótọ́, kí orúkọ náà jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀, kí ìpè kejì le ju ti àkọ́kọ́. Mo mọ àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa sún kí ó tó rántí pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè.

Kí àkópọ̀ ìró náà gùn tó ìṣẹ́jú 20, kí èèyàn má baà gbọ́ ajá kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìpè orúkọ kó wáyé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré nínú rẹ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* orin. Wọ́n á fi orin tó gbajúmọ̀ ní àkókò yẹn sí i, yàrá á sì di ibi ayẹyẹ. Orin náà ni wọ́n máa rántí, ilé kọ́. Yàtọ̀ síyẹn, olórin ní ẹ̀tọ́ lórí orin rẹ̀, gálárì sì lè béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín.

*Ìdánwò:* ẹ di ojú, kí ẹ na ìka sí ibi tí ìró ti ń wá. Bí ìka bá tọ́ka sí fèrèsé, ó dára. Lẹ́yìn náà ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín; bí kò bá gbọ́, ẹ dín ìró kù.

Ìgbésẹ̀ 7: Òórùn

Òórùn lágbára ju gbogbo ìyókù lọ, òun náà ni wọ́n sì ń bàjẹ́ jù. Láti imú, òórùn ń lọ tààrà sí apá ọpọlọ tó ń tọ́jú ìmọ̀lára àti ìrántí. Ohun tí a rí tàbí tí a gbọ́ ń kọ́kọ́ gba ibòmíì kọjá. Àwọn olùwádìí tó fi òórùn wé ọ̀rọ̀ àti àwòrán rí i pé ìrántí tí òórùn ń jí sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí èèyàn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ti ọ̀rọ̀ àti àwòrán sábà ń jẹ́ ti ìgbà ọ̀dọ́. Ìdí nìyẹn tí yàrá tó kún fún fọ́tò fi ń mú èèyàn rántí ilé ìwé girama dípò ilé ìyá rẹ̀.

Òórùn méjì tó, mẹ́ta ti pọ̀ jù. Fún wákàtí wa: kẹrosíìnì àti Robb. Àtùpà tí wọ́n ti lò, tí ẹ da epo inú rẹ̀ nù, tí ẹ sì nù, á ṣì máa rùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kò nílò ẹ̀kán kan sí i. Ti Robb, ẹ fi díẹ̀ pa owú, ẹ fi sínú ìgò kékeré, kí ẹ fi sábẹ́ aṣọ ìrọ̀rí tó wà lórí àga. Ẹni tó bá jókòó, tó fara tì í, ló máa gbọ́ ọ. Òórùn tó ń dúró de èèyàn ní igun kan sàn ju èyí tó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, torí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ imú á ti mọ́ ọn lára, kò sì ní gbọ́ ọ mọ́.

*Ìkìlọ̀ ńlá:* gbogbo èèyàn ló máa ní kí ẹ fi kàfúrà funfun roboto sí i, èyí tí à ń kó sáàárín aṣọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Náfútalíìnì ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn púpọ̀ láàárín wa ni èròjà ara tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó lára wọn, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn náà símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ó sì léwu jù fún ọmọ jòjòló. Aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí pẹ̀lú rẹ̀ náà, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sóòrùn kó tó wọ inú yàrá. Ẹ kọ orúkọ àwọn òórùn tí ẹ lò sí ẹnu ọ̀nà fún ẹni tó ní ikọ́ fée.

*Ìdánwò:* ẹ má lo imú ara yín, ó ti kú. Ẹ pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta dé. Bí ó bá sọ pé "Kí ló ń rùn?" lẹ́nu ọ̀nà, ó ti pọ̀ jù. Bí ó bá jókòó, tó dákẹ́, tó wá ń yí orí kiri, ó ti dé ibi tó yẹ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ohun tí wọ́n ní kí ọmọ má fọwọ́ kàn

Nísinsìnyí ẹ lè lọ sọ́jà. Ẹ gbé ìwé ìgbésẹ̀ 2 dání, kí ẹ wá ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn àgbà yín. Ohun tí wọ́n yá yín lọ́fẹ̀ẹ́ á ní ojú ọwọ́ lára, èyí tí ìsọ̀ kò ní. Ẹ so orúkọ oní-nǹkan mọ́ gbogbo ẹ.

Kí kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tó ní gíláàsì níwájú, abọ́ tánganran àlejò nínú rẹ̀, tí wọ́n tì pa. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbi tí àwọn àgbà sọ fún yín, ó lè jẹ́ abẹ́ aṣọ tábìlì tàbí inú ife tó wà lókè. Ẹ má kọ ìlànà kankan sí i. Ẹ má sì lẹ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án" mọ́ ohunkóhun nínú yàrá yìí. Ohun tí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn, ẹ má gbé e wá. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, lẹ́yìn abọ́, ẹ fi agolo bísíkíìtì síbẹ̀ fún ẹni tó bá láyà láti ṣí i. Kí bísíkíìtì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Agolo tí wọ́n ṣí tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àti òwú ló wà níbẹ̀, gbogbo wa ti jìyà ẹ̀ tó.

*Ìdánwò:* nínú àwọn àlejò mẹ́wàá, ó kéré tán ẹnì kan gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn kó tó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìdánwò pẹ̀lú èèyàn, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn

Ẹ pe èèyàn márùn-ún tó dàgbà láàárín àkókò yẹn, tí kò sí nínú àwọn tí ẹ bi léèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé ní ẹnì kan tàbí méjì méjì. Ẹ dúró síta, ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu wọn sílẹ̀.

"Ó rẹwà o" túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ṣì kù. "A ní irú èyí nílé" ti sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹnì kan, "Brọ̀dá Káyọ̀dé ló máa ń...", ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ wọn náà: ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ fóònù, ìmọ́lẹ̀ yín ti pọ̀ jù tàbí nǹkan ti pọ̀ jù lórí tábìlì. Ẹ yọ díẹ̀ kúrò, kí ẹ tún pe ẹlòmíì. Mi ò tíì rí yàrá tí wọ́n fi nǹkan kún tó dára sí i ní ìpele yìí.

Bí ẹnì kan bá sunkún, ẹ fún un ní omi àti àyè. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ fún ìpolówó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn: èèyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láràárọ̀, ẹ pààrọ̀ owú, ẹ wo bátìrì, ẹ ká ẹní padà sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ẹ fi bísíkíìtì kún agolo, kí ẹ sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sí ibi tó ti wá. Ẹ má nu ipa ọwọ́ àlejò kúrò lára ògiri.